Ẹ bèèrè láísẹ́ǹsì kẹ́ ẹ tó bèèrè owó

Ẹ̀gbọ́n tó kọ̀wé láti Ìgbógbò, ẹ kú ìmúra ọ́fíìsì tuntun. Ẹ ní ẹnì kan fẹ́ ta kọ̀ǹpútà orí tábìlì márùn-ún fún yín ní owó pọ́ọ́kú, pé gbogbo ẹ̀ ni Core i5 (irú ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan tí Intel ń ṣe), Windows àti Office sì ti wà lórí ẹ̀, "ó ti ṣe tán pátápátá." Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló bà mí lẹ́rù, torí òun náà ni wọ́n sọ fún mi ní 2021.

Ẹja tútù lèmi àti ìyàwó mi ń tà ní páálí-páálí ní Agric, ní Ìkòròdú níbí. Ìwé gbàǹgbà la fi ń kọ gbèsè tẹ́lẹ̀. Nígbà tí oníbàárà pọ̀ sí i, a ra kọ̀ǹpútà mẹ́ta, a gba akọ̀wé, gbogbo gbèsè wọnú Excel. Ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fún wa bá wa fi Windows àti Office sí i, kò gba kọ́bọ̀ lé e. Mo tún ṣàdúrà fún un.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Office bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé òun kì í ṣe ojúlówó. Mo pe ọmọkùnrin náà, ó gbé fláàṣì kan dé. Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó pa àǹtífáírọ́ọ̀sì. Mo dúró lẹ́yìn ẹ̀, mo rí i. Mo ní kí ló dé, ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, Dádì, ó ń dí mi lọ́wọ́ ni." Ẹ wo àlejò tó ní kẹ́ ẹ so ajá mọ́lẹ̀ kóun tó wọlé! Mi ò ronú débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tó fi parí, mo fún un lówó ọkọ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, akọ̀wé pè mí pé fáìlì ò ṣí. Gbogbo fáìlì ló ti hu ìrù, lẹ́tà mẹ́rin kan tí kò nítumọ̀ wà nídìí orúkọ wọn, ìwé kékeré kan sì wà láàárín wọn tó ní ká san dọ́là ká tó rí ẹrù wa gbà. Háàdì tá à ń kó ẹ̀dà sí ńkọ́? Ara kọ̀ǹpútà yẹn náà la fi í sí tọ̀sán-tòru, ó sì bá a lọ. Ó wá ku àwọn tó jẹ wá lówó nìkan tó mọ iye tí wọ́n jẹ. Ìyá kan tó ń yan ẹja ní Sábó ló kọ́kọ́ dé. Ó mú ìwé ọmọléèwé kan tó ń rùn fún èéfín jáde, ó fìka tọ́ ọ: páálí kòtè mọ́kànlá lòun jẹ. Mẹ́jọ lèmi rò. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Àwọn mìíràn ṣì ń wá ìwé tiwọn títí dòní.

Yíyẹ láísẹ́ǹsì Windows, ìyẹn àṣẹ láti lò ó, wò kò le. Kí wọ́n tan kọ̀ǹpútà náà lójú yín, kẹ́ ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, kẹ́ ẹ kọ slmgr /xpr síbẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ Enter. Tó bá dárúkọ ọjọ́ tó máa tán, tẹ́ ẹ sì rí ọ̀rọ̀ náà "Volume", ẹ sún sẹ́yìn. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ni irú ìyẹn wà fún. Sáfà tiwọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà àgbà tó ń bójú tó àwọn yòókù, ni kọ̀ǹpútà wọn ń lọ jẹ́ ìpè fún, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 180. Ta ló ní sáfà n'Ígbógbò? Kírákì, ètò ayédèrú tó ń tan Windows jẹ, ló ń ṣe bíi sáfà níbẹ̀ yẹn. Tó bá sì ní "permanently activated", ẹ má tíì yọ̀, kírákì mìíràn wà tó lè mú un sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ slmgr /dli. OEM_DM túmọ̀ sí pé ó bá bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ náà wá láti iléeṣẹ́ tó ṣe é. Ẹ lè pààrọ̀ háàdì, kò ní kúrò, àmọ́ tí bọ́ọ̀dù bá kú, òun náà kú. Tó bá jẹ́ RETAIL, èyí tí wọ́n ń rà lọ́tọ̀, kí olùtà mú risíìtì wá.

Core i5 nìkan kò sọ nǹkan kan fún yín. Bí ẹni ní òun ní páálí ẹja kan ni, láìsọ bóyá títùsì ni tàbí ṣáwà. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ni kẹ́ ẹ wò: i5-4570, jẹnẹréṣọ̀n (ìran) kẹrin; i5-8350U, ìkẹjọ. Microsoft ti dẹ́kun àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 láti October 14, 2025, Windows 11 kò sì gba Core i5 tó bá wà lábẹ́ ìkẹjọ, bí ẹ bá fẹ́ ṣe é bó ṣe yẹ. Owó pọ́ọ́kú tẹ́ ẹ ń sọ yẹn, ọkàn mi ń sọ pé ìkẹrin ni.

Ní tèmi, láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ ni mo wá rà: ThinkPad méjì, Latitude kan. Bátìrì ń gbé e tí wọ́n bá mú iná lọ, kò sì jẹ ìnfátà tó orí tábìlì àti mọníítọ̀ ẹ̀. Àmọ́ òun náà ní ìdẹkùn tiẹ̀. Nígbà tá a pa gbogbo nǹkan orí Latitude rẹ́ tá a sì so ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, orúkọ iléeṣẹ́ kan nílùú ọba ló jáde, ó ní kí n fi ímeèlì òṣìṣẹ́ wọlé. Wọn ò tíì yọ ọ́ kúrò nínú ìwé wọn. Mo gbé e padà lọ sí Ìkẹjà, ẹ sì mọ ohun tí Mile 12 máa ń fojú ẹni rí. Kí wọ́n ṣe rísẹ́ẹ̀tì ní ṣọ́ọ̀bù, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lójú yín.

Ti Office, kì í ṣe gbogbo èèyàn márùn-ún ló nílò ẹ̀. LibreOffice lẹni tó ń ka páálí fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Office ń ṣe, ọ̀fẹ́ ni, òfin sì gbà á fún òwò. Akọ̀wé owó nìkan ni mo ń san Microsoft 365 Business Standard, ìyẹn Office ti oníṣòwò, fún. Ẹ má ra Personal tàbí Family, ti ilé nìyẹn. Ímeèlì ọ́fíìsì ni kẹ́ ẹ fi forúkọ sílẹ̀. Akọ̀wé wa àkọ́kọ́ fi tiẹ̀ ṣe é, ó fiṣẹ́ sílẹ̀, láísẹ́ǹsì bá a lọ.

Ẹ ní kí ọkùnrin yẹn tẹ slmgr /dli lórí ọ̀kan nínú márùn-ún ẹ̀, kẹ́ ẹ padà wá sọ ohun tó gbé jáde fún wa.