Kí ni wọ́n ń pè ní owó iná “tó tọ́, tó sì bójú mu” ní Amẹ́ríkà?

Ẹnì kan béèrè pé kí ló wà lọ́kàn àwọn ará Amẹ́ríkà tí wọ́n bá ní owó iná gbọ́dọ̀ “tọ́, kó sì bójú mu”, àti pé ta ló ń wò ó tó fi máa bójú mu.

Ọ̀rọ̀ òfin ni. Inú òfin iná mànàmáná tí ìjọba àpapọ̀ wọn ṣe lọ́dún 1935 ló wà, àmọ́ òfin yẹn ò dárúkọ iye kankan. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ FERC ló ń yẹ owó wò lórí gbígbé iná kọjá láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, àti lórí iná tí wọ́n ń tà fún àwọn tó máa tún un tà. Èyí tí onílé ń san lóṣooṣù, ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ kálukú ló ni ín.

Bójú mu lójú ta? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ojú méjì ni wọ́n ń wò: ti ẹni tó ń sanwó, àti ti ẹni tó kówó sílẹ̀ tí wọ́n fi ri òpó, tí wọ́n fi ta waya. Lọ́dún 1944, nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ gáàsì kan tó ń jẹ́ Hope, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ sọ pé ọgbọ́n ìṣirò tí àjọ bá lò kọ́ ló ṣe kókó, ibi tó já sí ni. Kí ilé iṣẹ́ rówó ṣiṣẹ́, kó sì rẹ́ni yá a lówó, àmọ́ kó má torí ẹ̀ rẹ́ oníbàárà jẹ.

Wọ́n á ro ìnáwó ọdún kan pọ̀: owó òṣìṣẹ́, àtúnṣe, owó orí, àti ti ohun èlò tó ń gbó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún ilé iṣẹ́ ní èrè lórí owó tó ṣì wà lára waya àti ẹ̀rọ. Orí èrè yìí ni ìjà máa ń wà. Ká ní owó náà jẹ́ mílíọ̀nù 100 dọ́là: tí èrè bá fi ìdá 1 péré nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, mílíọ̀nù kan dọ́là ló kún owó ọdọọdún yẹn. Abájọ tí àwọn lọ́yà fi lè fa ọ̀rọ̀ ààbọ̀ ìdá kan fún ọ̀pọ̀ oṣù!

Ilé iṣẹ́ kì í sì í kàn jí kó fowó lé e. Àfi tí FERC bá yọ̀ǹda, ó gbọ́dọ̀ gbé iye tuntun síta ní ọjọ́ 60 ṣáájú. Tí ara bá ń fu àjọ náà, ó lè dá owó ọ̀hún dúró, àmọ́ kò lè ju oṣù 5 lọ. Bí ìgbẹ́jọ́ ò bá tíì parí nígbà yẹn, ilé iṣẹ́ lè máa gbà á lọ, àmọ́ wọ́n lè ní kó dá àjẹjù padà tòun ti èlé. Lójú tèmi, eyín òfin náà nìyẹn.

Ti ìjọba fúnra rẹ̀ yàtọ̀. Bonneville, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1937 láti máa ta iná ìsédò odò Columbia, kò ní olówó tó ń retí èrè. Òun fúnra rẹ̀ ló ń pe ìgbẹ́jọ́, ọ̀gá àgbà rẹ̀ ló ń pinnu, kó tó kan FERC. Ohun tí FERC ń wò níbẹ̀ ò pọ̀: ṣé owó náà á tó san ohun tí ìjọba àpapọ̀ ná padà, ṣé wọ́n sì pín ìnáwó waya láìṣègbè láàárín iná ìjọba àti iná ẹlòmíì tó ń gba orí rẹ̀ kọjá.