FLEEL ò lẹ́bi o, ohun tẹ́ ẹ fi pò ó ni kẹ́ ẹ wò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ ní FLEEL tẹ́ ẹ rà, peptide kékeré oní-amino acid márùn-ún yẹn, ò ṣiṣẹ́, pé ẹ fi mikrosóòmù ẹ̀dọ̀ màlúù (ègé wínníwínní inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀, ibẹ̀ ni carboxylase, ẹ́ńsáìmù tó ń lo fítámì K, wà) dán an wò ní Zaria lọ́hùn-ún, iye tí ẹ̀rọ ń kà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ sí ti túùbù tí kò ní ẹ́ńsáìmù rárá. Kẹ́ ẹ tó lọ bá ẹni tó tà á fún yín jà, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi pò ó?

Mo ń béèrè torí pé oṣù mẹ́ta gbáko ló fi fìyà jẹ mí ní Abuja ńbí. Ó kọ̀ kò yọ́ nínú omi lásán, ó kàn ń ṣe kókó bí ògì tí wọn ò rò dáadáa, ìwé tó bá a wá wá ní kí n fi ammonium bicarbonate pò ó nítorí Glu (glutamic acid, amino acid tó jẹ́ ásíìdì) méjì tó wà nínú ẹ̀, mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó mọ́ kedere, inú mi dùn. Àṣé mo ti ba tèmi jẹ́. Carbon-14, kábọ́ọ̀nù onítànṣán tó jẹ́ àmì wa, inú sodium bicarbonate la ń kà, àbí? Ẹ́ńsáìmù á mú CO2 látibẹ̀, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ Glu, Glu á di Gla. Èmi wá da bicarbonate tí ò lámì lé e lórí, tó fi pọ̀ ju èyí tó lámì lọ fíìfíì! Ẹ́ńsáìmù ò mọ̀yàtọ̀. Ó dà bí kéèyàn ju ata kan ṣoṣo sí ìkòkò ọbẹ̀ ìnáwó, kó wá máa wá a lẹ́nu.

Tris tàbí HEPES, bọ́fà tó ń mú pH dúró sójú kan, ni mo ń lò báyìí, màá kán NaOH sí i díẹ̀díẹ̀ títí pH á fi dé bí 7.4, torí TFA, ásíìdì tó lẹ̀ mọ́ FLEEL látìgbà tí wọ́n ti ṣe é, máa ń fa pH wálẹ̀. Ẹ má sì fi FLEEL ṣòfò o: tí túùbù yín bá jẹ́ 0.125 mílílítà, tẹ́ ẹ sì fẹ́ 3 mílímólà, mílígíráàmù 5 ò lè ju bí ogún túùbù lọ, ó tiẹ̀ lè máà tó bẹ́ẹ̀ torí kì í ṣe gbogbo ìyẹ̀fun yẹn ni peptide.

Fítámì K náà ńkọ́? Tó bá ti gba DTT tàbí borohydride, kẹ́míkà tó ń sọ ọ́ di irú tí ẹ́ńsáìmù lè lò, dáadáa, àwọ̀ yẹ́lò ẹ̀ á ṣá lọ, tó bá tún pọ́n padà, atẹ́gùn ti wọlé nìyẹn, ẹ dà á nù jàre, ẹ ṣe òmíì, kẹ́ ẹ fi fọ́ìlì wé e. 25 degree ni mo fi ń ṣe tèmi. Oṣù kẹta Abuja tí NEPA bá mú iná, AC kú, inú yàrá á ti lé ní 35, mo wá ń gbé ike omi yìnyín kiri bí onípiọ wọ́tà.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ fi warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ṣe àfiwé, ẹ má dá a lóhùn, VKOR, ẹ́ńsáìmù míì tó ń sọ fítámì K di èyí tó ṣeé lò padà, ni warfarin ń dí, kì í ṣe carboxylase yìí.

Tẹ́ ẹ bá ti da TCA, ásíìdì tó ń dá iṣẹ́ ẹ́ńsáìmù dúró, sí i tán, ẹ sè é dáadáa lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa èéfín, kí CO2 tó ṣẹ́kù lọ pátápátá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ túùbù tí kò ní ẹ́ńsáìmù náà á máa ka iye ńlá. Ẹ kọ́kọ́ ṣe túùbù mẹ́rin péré, kẹ́ ẹ sọ iye tẹ́ ẹ rí fún mi.