Bí a ṣe lè kọ́ ọmọ kékeré ní ìtàn ìṣẹ̀dá nínú ilé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olùkọ́ wa. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta ni mí ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì. Àwọn ọmọ náà jẹ́ ọmọ ọdún 3, 5 àti 8. Bàbá wọn fẹ́ kí a máa ka Jẹ́nẹ́sísì orí kìn-ín-ní nígbà àdúrà alẹ́, ṣùgbọ́n kí a tó dé ọjọ́ kẹrin, àbíkẹ́yìn á ti sùn, èyí àárín á ti máa fi ẹsẹ̀ ta ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n náà sì lè ka ọjọ́ méjèèje tán bí ẹni ń ka táábù láìmọ ohun tí ó ń wí. Ó tún máa ń béèrè ẹni tí ó dá Ọlọ́run, àti bí ìmọ́lẹ̀ ṣe wà kí oòrùn tó wà. Ìyá ọkọ mi tí a jọ ń gbé sì ti sọ ìtàn Odùduwà àti adìyẹ tí ó tan yẹ̀pẹ̀ fún wọn, wọ́n wá ń bi mí èwo ni òótọ́. Báwo ni kí n ṣe é?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Iṣẹ́ mi ni láti kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, mo sì tún ń bójú tó kíláàsì àwọn ọmọdé ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, nítorí náà ohun tí ẹ ń rí nílé yín kì í ṣe tuntun sí mi. Kì í ṣe pé àwọn ọmọ yín kò fẹ́ gbọ́. Ẹ̀kọ́ náà ló pọ̀ jù fún ìjókòó kan. Orí kìn-ín-ní nìkan ní ẹsẹ 31, ìtàn náà kò sì tíì parí síbẹ̀, nítorí pé inú orí kejì, ní ẹsẹ kẹta, ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ keje parí sí. Àgbàlagbà tí ó ti oko tàbí ọjà dé lè tòògbé kí a tó kan ẹja àti ẹyẹ, áńbọ̀sìbọ́sí ọmọ ọdún 3. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ẹnu sọ ìtàn náà, ọjọ́ kan ní alẹ́ kan, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì ṣí Bíbélì fún ẹsẹ kan tàbí méjì péré tí gbogbo yín yóò jọ kà. Bí ó bá jẹ́ èdè Èkìtì ni ẹ ń bá wọn sọ nílé, òun náà ni kí ẹ fi sọ ìtàn náà. Kò sí ìdí tí Ọlọ́run yóò fi máa sọ̀rọ̀ bí akọ̀wé nínú ilé tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ èdè ìlú wọn.

Ìwé Jẹ́nẹ́sísì fúnra rẹ̀ ti bá yín pín iṣẹ́ náà. Ní òpin ọjọ́ kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a ti ń ka àṣálẹ́ àti òwúrọ̀, àṣálẹ́ ni ó sì máa ń ṣáájú, nítorí pé láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ni àwọn Júù ti ń ka ọjọ́. Èyí bá àkókò àdúrà yín mu gan-an: ẹ sọ ìtàn ọjọ́ kan ní alẹ́, kí ẹ sì bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo ní òwúrọ̀, bóyá nígbà tí ẹ bá ń wọ aṣọ ilé-ìwé fún èyí àárín, pé kí ni a gbọ́ pé Ọlọ́run dá lálẹ́ àná. Ìbéèrè kan ti tó. Àwa ará Èkìtì fẹ́ràn ìwé débi pé a máa ń sọ ohun gbogbo di ìdánwò, ṣùgbọ́n ọmọ tí a bá na pàṣán sí nítorí pé ó fi iṣẹ́ ọjọ́ karùn-ún pe ti ọjọ́ kẹrin, pàṣán náà ni yóò rántí, kì í ṣe ìtàn.

Ohun tí kò ní jẹ́ kí àbíkẹ́yìn sùn ni ègbè. Nínú orí kìn-ín-ní, ọ̀rọ̀ kan náà ni ó ń padà wá léraléra: Ọlọ́run wí, ó sì rí bẹ́ẹ̀, Ọlọ́run sì rí i pé ó dára. Ẹ mú èyí tí ó kẹ́yìn yìí kí àwọn ọmọ máa gbè é. Bí ẹ bá ti wí pé, “Ọlọ́run wò ó,” kí àwọn náà dáhùn pé, “Ó sì dára!” Ọmọ ọdún 3 tí kò lè tún ìtàn sọ lè gbè é dáadáa, nítorí pé ó ti gbọ́ bí a ṣe ń gbe orin àlọ́ kí ó tó mọ ohun tí ń jẹ́ ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi “Ààlọ́ o” bẹ̀rẹ̀ o. Ọmọ mọ̀ pé níbi tí a bá ti gbọ́ “Ààlọ́ o”, Ìjàpá lè fò, ó sì lè yá owó lọ́wọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò bá a jiyàn. Bí ẹ bá to ìtàn Bíbélì pọ̀ mọ́ ti Ìjàpá báyìí, iṣẹ́ ńlá ni yóò jẹ́ láti yà wọ́n sọ́tọ̀ nígbà tí ó bá dàgbà. “Ní àtètèkọ́ṣe” ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Bíbélì ti bẹ̀rẹ̀. Kò rọrùn lẹ́nu wọn lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọdé fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn tí ó ń dún lẹ́nu.

Ní alẹ́ ọjọ́ kìn-ín-ní, ẹ jẹ́ kí òkùnkùn bá yín ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, a jẹ́ pé ó bọ́ sí i. Bí iná bá wà, ẹ pa á, kí ẹ sì ti fèrèsé. Kí olúkúlùkù na ọwọ́ síwájú ojú ara rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n rí ìka. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ wá sọ ẹsẹ kẹta jẹ́jẹ́ pé, “Ọlọ́run sì wí pé, Kí ìmọ́lẹ̀ kí ó wà,” kí àbíkẹ́yìn, ẹni tí ẹ ti fún ní tọ́ọ̀ṣì tẹ́lẹ̀, wá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má lo ìṣáná tàbí àbẹ́là nítorí ọwọ́ ọmọ. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ń bẹ̀rù òkùnkùn, ẹ gbé e lé ẹsẹ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹsẹ karùn-ún sọ fún un, pé Ọlọ́run fún ìmọ́lẹ̀ ní orúkọ, ó pè é ní Ọ̀sán, ó sì fún òkùnkùn náà ní orúkọ tirẹ̀, ó pè é ní Òru. Mo ti rí ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà tí ó gbọ́ pé òru ní ẹni tí ó sọ ọ́ lórúkọ.

Ọjọ́ kejì ni ó ṣòro jù láti sọ fún ọmọdé, nítorí pé kò sí ohun tí ó lè fi ọwọ́ mú níbẹ̀: Ọlọ́run fi òfurufú pààlà sáàárín omi òkè àti omi ìsàlẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́. Ní Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ wà, ẹ kàn mú wọn jáde ní òwúrọ̀ tí ìkùukùu bá bo orí òkè Olósùnta, kí wọ́n rí omi tí ó wà lókè, kí wọ́n sì wo èyí tí ó wà nínú garawa lẹ́yìnkùlé, kí ẹ sọ fún wọn pé àárín méjèèjì ni Ọlọ́run ṣí sílẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kẹta ni kí ẹ fi àkókò sí, ẹ tilẹ̀ lè pín in sí alẹ́ méjì, nítorí pé iṣẹ́ méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni pé omi wọ́ jọ sí ojú kan, ìyàngbẹ ilẹ̀ sì hàn. Ẹ bu yẹ̀pẹ̀ sínú bàsíà, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, ẹ da omi lé e títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀, kí èyí àárín wá rọra gbé ẹ̀gbẹ́ kan bàsíà náà sókè. Omi yóò ṣàn lọ sí apá kan, yẹ̀pẹ̀ yóò sì yọ. Ìkejì ni koríko, ewéko àti igi eléso, Bíbélì sì tẹnu mọ́ ọn pé olúkúlùkù ń so ní irú tirẹ̀. Ẹ wá agolo mílíìkì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ dá ihò sí ìdí rẹ̀ kí omi lè máa jò jáde, ẹ bu ilẹ̀ dúdú sí i, kí àwọn kan gbin àgbàdo, kí ẹnì kan gbin ẹ̀wà. Kí wọ́n má rì í jìn ju oríkèé ìka kan lọ, kí wọ́n sì máa bu omi ìwọ̀nba sí i. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ó sábà máa ń gbà kí ó yọ, nítorí náà ẹ má kánjú dé ọjọ́ keje, kí ewé lè ti wà nínú agolo nígbà náà. Ìgbà náà ni kí ẹ wá béèrè bóyá àgbàdo ẹnikẹ́ni hu ẹ̀wà. “Ní irú tirẹ̀” yóò yé wọn láìjẹ́ pé ẹ ṣe àlàyé púpọ̀. Àbíkẹ́yìn yóò máa hú tirẹ̀ wò ní àràárọ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ń ṣe, nítorí náà ẹ gbin agolo kan pamọ́ fún un.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti sọ ìtàn ọjọ́ kẹrin, ní alẹ́ tí òṣùpá bá lé. Bí òṣùpá kò bá tíì sí, ẹ lè dúró dè é, nítorí pé kò pọn dandan kí alẹ́ méjèèje tẹ̀ lé ara wọn gírígírí. Fún ọjọ́ karùn-ún, níwájú ẹni tí ń ta ẹja àrọ̀ láàyè ní ọjà àti lábẹ́ ọ̀pẹ tí ẹyẹ ẹ̀gà ti ń pariwo, àwọn ọmọ yóò rí ju ohun tí èmi lè kọ síhìn-ín lọ.

Ní ọjọ́ kẹfà, ẹ wá amọ̀ tí wọn yóò fi mọ ewúrẹ́, ajá àti ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra díẹ̀. Orí kìn-ín-ní kò mẹ́nu kan erùpẹ̀. Ohun tí ó sọ ni pé Ọlọ́run dá ènìyàn ní àwòrán ara rẹ̀, akọ àti abo. Orí kejì ni a ti kà pé ó fi erùpẹ̀ ilẹ̀ mọ ọkùnrin, tí ó sì mí èémí ìyè sí ihò imú rẹ̀. Ẹ sọ méjèèjì, kí ẹ má sì gbàgbé èémí náà, nítorí pé ọmọ ọdún 5 máa ń gba ọ̀rọ̀ bí a ti sọ ọ́ gẹ́lẹ́: ó lè béèrè bóyá omi ìwẹ̀ kò ní yọ́ òun. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún un pé nígbà tí Ọlọ́run mí sí i, ó di alààyè, ẹlẹ́ran ara àti egungun, omi kò sì lè yọ́ ọ mọ́. Bí ọ̀rọ̀ egungun ìhà bá sì jẹ yọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún wọn pé ti ọkùnrin dín ní ẹyọ kan, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń sọ. Méjìlá ni ó wà ní apá ọ̀tún, méjìlá ní apá òsì, lọ́kùnrin lóbìnrin. Bíbélì kò sì sọ pé àwọn ọmọ Ádámù jogún àìpé egungun kankan.

Àkọ́bí yín nílò iṣẹ́ tí ó le ju ti àwọn àbúrò rẹ̀ lọ. Kí ó mú bébà kan, kí ó pín in sí ilé mẹ́fà, mẹ́ta lókè, mẹ́ta nísàlẹ̀. Ọjọ́ kìn-ín-ní, ìkejì àti ìkẹta ni yóò yà sí òkè, ìkẹrin, ìkarùn-ún àti ìkẹfà sí ìsàlẹ̀ wọn. Yóò rí i fúnra rẹ̀ pé ìmọ́lẹ̀ wà lókè, oòrùn àti òṣùpá wà lábẹ́ rẹ̀. Òfurufú àti omi wà lókè, ẹyẹ àti ẹja wà lábẹ́ wọn. Ilẹ̀ àti ewéko wà lókè, ẹranko àti ènìyàn wà lábẹ́ wọn. Ọlọ́run kọ́kọ́ pèsè ibùgbé, ó sì wá fi olùgbé sí i. Lẹ́yìn èyí, kí ó ka iye ìgbà tí “ó dára” wà nínú orí náà, kí ó sì wá ọjọ́ tí kò sí nínú rẹ̀. Méje ni yóò bá: ọjọ́ kejì kò ní, ọjọ́ kẹta àti ìkẹfà ní méjì-méjì. Ọmọ tí ó bá ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá èyí rí kò ní ka ọjọ́ méjèèje bí táábù mọ́.

Ó kù àwọn ìbéèrè rẹ̀. Ní ti ẹni tí ó dá Ọlọ́run, ẹ dáhùn ní ṣókí pé kò sí ẹni tí ó dá a, ó ti wà kí ohunkóhun tó wà. Kí ẹ sì ka Sáàmù 90 ẹsẹ kejì fún un, níbi tí a ti sọ pé ó ti jẹ́ Ọlọ́run kí a tó bí àwọn òkè ńlá. Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ mọ bí òkè ti dàgbà tó. Ní ti ìmọ́lẹ̀ tí ó ṣáájú oòrùn, ẹ má wá ọgbọ́n kan dí i lójú. Bí ìwé náà ti tò ó nìyẹn, ohun tí ó sì fi hàn ni pé ọwọ́ Ọlọ́run ni ìmọ́lẹ̀ ti wá, oòrùn kì í ṣe Ọlọ́run. Ìfihàn 22 ẹsẹ karùn-ún náà sọ pé àwọn tí yóò wà lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní nílò oòrùn mọ́. Bí ó bá ti ilé-ìwé dé lọ́jọ́ kan tí ó ní ayé ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má fi olùkọ́ rẹ̀ ṣe ọ̀tá. Ọ̀rọ̀ bí ọjọ́ mẹ́fà náà ti gùn tó kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín Kristẹni: Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní àríwá Áfíríkà, tí ó kú ní ọdún 430, ti kọ̀wé pé wọn kì í ṣe ọjọ́ bí irú tiwa. Ohun tí ìjọ yín bá dì mú ni kí ẹ sọ fún un, kí ẹ sì jẹ́ kí ó mọ̀ pé àwọn onígbàgbọ́ mìíràn rí i lọ́nà mìíràn.

Ti ìyá àgbà ni ó gba sùúrù jù lọ. Ìtàn tí wọ́n sọ fún àwọn ọmọ ni ìtàn Ilé-Ifẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn ọba Èkìtì ti tọ́ka sí pé àwọn ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ tí kò bá mọ̀ ọ́n kò mọ ìtàn ìlú rẹ̀. Ẹ má sọ pé ìyá àgbà purọ́, ẹ má sì bá wọn fa ọ̀rọ̀ náà lójú ọmọ. Ẹ wí fún àwọn ọmọ pé ohun tí ìyá àgbà sọ ni bí àwọn baba wa ti ń ròyìn ìbẹ̀rẹ̀ ayé àti bí Odùduwà ti dé, pé èyí tí a ń kà ní alẹ́ ni ohun tí Bíbélì sọ, òun sì ni ìgbàgbọ́ ilé yìí. Ọmọ ọdún 5 lè gba ìtàn méjì mọ́ra bí a bá sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá fún un. Bí ọ̀rọ̀ bá wà láti bá ìyá àgbà sọ, kí ọkọ yín ni yóò bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, ní kọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ̀yin lè ṣe ni pé kí ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá bá yín jókòó ní alẹ́ ọjọ́ kẹta àti ìkẹfà, kí wọ́n máa dárúkọ ewé àti ẹranko tí ẹ̀yin pàápàá kò mọ̀ mọ́. Wọn kò ní kọ̀, àwọn ọmọ yóò sì gbọ́ orúkọ ewé tí kò sí nínú ìwé kankan nílé yín.

Ọjọ́ keje rọrùn: ẹ má kọ́ wọn ní ohunkóhun. Ẹ ka ẹsẹ mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú orí kejì, ẹ wo agolo, kí ẹ jẹun papọ̀. Bí àkọ́bí bá béèrè ìdí tí a fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní ọjọ́ Àìkú nígbà tí ọjọ́ keje àwọn Júù jẹ́ ọjọ́ Sátidé, ẹ sọ fún un pé ní ọjọ́ Àìkú ni Jésù jíǹde, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ ìjọ fi ń pàdé ní ọjọ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ṣì ń pa Sátidé mọ́. Ejò àti èso igi inú ọgbà kò sí nínú àwọn ọjọ́ méje yìí. Ẹ fi í sílẹ̀ di oṣù tí ń bọ̀.