Mo fi kún owó oṣù wọn, síbẹ̀ wọ́n ń lọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo ń ṣe búrẹ́dì ní Ṣágámù, òṣìṣẹ́ 17 ni mo ní. Láàárín ọdún kan, mẹ́rin nínú àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ti lọ. Mo sọ owó oṣù wọn di ₦80,000. Òótọ́ ni pé owó a máa pẹ́ bí ìyẹ̀fun bá gbówó lérí. Kí ló kù tí n ó ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Owó tí ẹ fi kún un dára. ₦70,000 ni owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin láti ọdún 2024, òfin yẹn kò sì mú ibi tí òṣìṣẹ́ kò bá tó 25.

Ọ̀rọ̀ yín pé owó a máa pẹ́ ni mo dì mú. Ẹni tó gba owó lọ́jọ́ 28 lóṣù yìí, tó wá di ọjọ́ 9 kó tó tún rí owó, á ti jẹ gbèsè gaàrí, á ti yá owó ọkọ̀. Èkó ò jìnnà sí Ṣágámù. Bí wọ́n bá fi iye kan náà pè é níbẹ̀, tí wọ́n sì ń san án lọ́jọ́ tí wọ́n dá, yóò lọ. Ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ kún un mọ́. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ kọ ọ́ mọ́ ògiri, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Owó ìyẹ̀fun ni kí ẹ wá ọ̀nà míì sí.

Owó ìfẹ̀yìntì ńkọ́? Òfin ọdún 2014 mú yín, torí òṣìṣẹ́ yín ti ju 15 lọ. Lórí ₦80,000, ẹ̀yin á mú ₦8,000 wá, òṣìṣẹ́ á mú ₦6,400 wá, kí ó sì dé àpò ìfẹ̀yìntì rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí ẹ sanwó. Mo ti rí ọ̀gá tó ń yọ ₦6,400 náà tí kì í fi ránṣẹ́. Ìwà yẹn burú gan-an. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá yẹ àpò rẹ̀ wò tó bá òfo, ọkàn rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ yín, bó tilẹ̀ ṣì ń po ìyẹ̀fun.

Ẹ tún máa san ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù wọn fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń rí sí owó òṣìṣẹ́ tó bá farapa lẹ́nu iṣẹ́, nítorí ẹni tí ààrò bá jó lọ́wọ́.

Ní ti ìsinmi, ọjọ́ iṣẹ́ 6 ló tọ́ sí ẹni tó bá ti lo oṣù 12, tòun towó. Bí ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde bá wà láàárín wọn, ẹ jẹ́ kó lò ó nígbà Iléyá, kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ní Ojúde Ọba.