Ẹ́ńfílọ́ọ̀pù mẹ́rìnlá nínú àpótí ìyá mi

Àbúrò mi, o ní kí àwa tó ti pẹ́ díẹ̀ láyé sọ òótọ́ fún ẹ: ṣé owó àti àṣeyọrí lè fún èèyàn ní ayọ̀ tòótọ́? O ní o ń tún fóònù ṣe ní Òṣogbo, o ní ìyàwó àti ọmọ méjì. Ọ̀rẹ́ rẹ kan fẹ́ mú ẹ wọ òwò fóònù tí wọ́n ń kó wá láti Dubai, l'Ékòó ni wàá ti máa ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré lọ́dún ni wàá máa dé ilé. Àwọn kan ti dá ẹ lóhùn pé asán ni owó. Àwọn mìíràn ní ẹni tó bá sọ pé owó kì í fúnni láyọ̀, kò tíì rí i ní ni. Èmi ti rí i ní. Èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ, nítorí ó máa ń dùn mí dọ́kàn tí mo bá rí ọmọ ẹlòmíràn tó ń gba ọ̀nà tí mo gbà, tí kò sì sẹ́ni tó fi ibi tí kòtò wà hàn án.

Léèsì ni mo ń tà ní Balógun, l'Ékòó. Ọdún 1994 ni mo bẹ̀rẹ̀, lórí tábìlì, níwájú ṣọ́ọ̀bù obìnrin kan tó ṣàánú mi. Tíṣà ni ọkọ mi, owó oṣù rẹ̀ sì máa ń pẹ́ tó oṣù méjì, mẹ́ta. Yàrá kan ni àwa mẹ́rin ń gbé ní Mushin. Má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ dídùn ṣe ìṣẹ́ lọ́ṣọ̀ọ́ fún ẹ. Ìṣẹ́ ń dunni. Lóru ọjọ́ kan, ara ọmọ mi obìnrin gbóná bí ààrò, mo sáré pọ̀n ọ́n lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n ní kí n san owó káàdì kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Mi ò ní. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì ló tú etí ìró rẹ̀, tó yọ owó fún mi. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n mo rántí bí owó náà ṣe tutù lọ́wọ́ mi, tí òógùn ara rẹ̀ ti rin ín.

Owó ló gbà mí lọ́wọ́ irú òru bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ san owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, mo sun oorun débi pé oòrùn là lé mi lójú. Kò sí lánlọ́ọ̀dù tó ń kanlẹ̀kùn, mi ò ṣírò gbèsè kankan kí n tó dìde. Ṣé ayọ̀ nìyẹn? Ayọ̀ ni, tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Àwọn baba wa ò fi owó ṣeré nínú àdúrà. Tí wọ́n bá ń tọrọ ire, wọn á tọrọ ire owó, ire aya tàbí ire ọkọ, ire ọmọ, àti ire àìkú tó parí ìwà. Owó wà níbẹ̀, ó wà láàárín àwọn yòókù.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ohun tó tẹ̀ lé e.

Òwò náà búrẹ́kẹ́. Ìlú kékeré kan wà ní ìwọ̀ oòrùn Austria, létí Switzerland, Lustenau ni wọ́n ń pè é. Láti bíi ọdún 1960 wá síwájú ni àwọn oníléèsì wa ti ń bá àwọn ará ibẹ̀ ṣòwò. Ẹrù á gba ojú òkun dé Kútọnu, àwa á lọ kó o níbẹ̀, á gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ wọ Èkó. Aṣọ ẹbí ló sì ń gbé owó wálé. Wo ayẹyẹ ẹyọ kan tí èèyàn 300 fẹ́ wọ aṣọ kan náà, yáàdì márùn-ún márùn-ún: yáàdì 1,500 lo tà yẹn láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Èèyàn tó bá ní irú oníbàárà mẹ́wàá lọ́dún, ọwọ́ rẹ̀ ti tẹ nǹkan.

Mo kọ́lé sí Ìkòròdú. Ayọ̀ ilé náà gbé mi fún bí oṣù mẹ́ta, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé ẹlẹgbẹ́ mi kan tó ní òkè méjì. Mo kọ́ èkejì. Mo ra jíìpù. Ti jíìpù ò tó oṣù kan. Mi ò mọ bí màá ṣe ṣàlàyé rẹ̀ kó yé ẹ: ẹ̀rù àtijọ́ tó ń lé mi ní Mushin, kò kúrò lára mi, ó kàn pààrọ̀ aṣọ ni. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀rù pé a ò ní jẹun lọ́la ni. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù pé wọ́n á tayọ mi ni, pé oníbàárà á lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, pé ọdún tó ń bọ̀ ò ní dà bí èṣí. Aago méjìlá òru ni mo máa ń ka owó lórí bẹ́ẹ̀dì, rọ́bà lọ́rùn ọwọ́ mi, ọkọ mi á ti kọjú sí ògiri. Ó ti pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mẹta nígbà mìíràn kí n tó gbọ́. Ẹni tí mo rò pé mò ń ṣe é fún nìyẹn.

Màámi ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Láti Balógun dé ibẹ̀, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá dá ẹ dúró, o lè lọ kí o sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Mi ò lọ. Dẹ́rẹ́bà mi ló ń lọ. Ní gbogbo ìparí oṣù, màá kó owó sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù, màá kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀, á gbé e lọ fún wọn. Tí wọ́n bá pè mí, wọ́n á ní, "Mo rí i gbà o, Olúwa á bù sí i. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?" Màá ní mò ń bọ̀.

Lọ́dún 2014, mo wà ní Lustenau. Mo dúró níwájú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kọ iṣẹ́ sára léèsì. Ẹ̀rọ náà gùn ju dánfó méjì lọ, abẹ́rẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ń gún aṣọ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo rẹ̀ dà bí òjò lórí páànù. Aṣọ òkú ni mo wá yàn, ìyá olówó kan l'Ékòó ló ṣaláìsí, àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ funfun tó ní òdòdó aláwọ̀ wúrà. Mo di ègé aṣọ méjì mú, mò ń wo èyí tó funfun jù, nígbà tí àbúrò mi pè mí pé Màámi ti lọ. Aṣọ òkú ìyá ẹlòmíràn ló wà lọ́wọ́ mi.

Mo ṣe òkú wọn dé góńgó. Málúù méjì, olórin, aṣọ ẹbí èèyàn 400. Gbogbo ìlú ní mo gbìyànjú. Lọ́jọ́ kẹjọ tí àwọn àlejò ti lọ, èmi àti àbúrò mi ṣí àpótí wọn ká lè pín aṣọ. Lábẹ́ ìró sányán tí wọ́n fi ṣe ìgbéyàwó, mo rí àwọn ẹ́ńfílọ́ọ̀pù mi, mẹ́rìnlá, tí wọ́n fi okùn aṣọ dì pọ̀. Wọn ò ṣí wọn. Wọ́n ti ná àwọn yòókù, ṣùgbọ́n mẹ́rìnlá yìí wà bí mo ṣe lẹ̀ wọ́n. Mo ka ẹ̀yìn wọn níkọ̀ọ̀kan. "Màámi, fún oògùn." "Màámi, ẹ fi ra ẹran." Márùn-ún nínú wọn ló ní, "Màámi, mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀." Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ yàrá yẹn títí ilẹ̀ fi ṣú. Àbúrò mi ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń ká aṣọ.

Ọmọ mi ọkùnrin, tó ń kàwé nílùú òyìnbó, sọ ohun kan fún mi nígbà kan tó jẹ mọ́ ìbéèrè rẹ. Ó ní lọ́dún 2010, àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Daniel Kahneman àti Angus Deaton, sọ pé tí owó tó ń wọlé bá ti tó nǹkan bí 75,000 dọ́là lọ́dún, àfikún rẹ̀ kì í tún fi kún inú dídùn èèyàn láti ọjọ́ dé ọjọ́. Lọ́dún 2021, ẹlòmíràn tó ń jẹ́ Matthew Killingsworth ní òun ò rí i bẹ́ẹ̀, pé ó ń fi kún un síwájú sí i. Kàkà kí wọ́n máa jà, Kahneman àti Killingsworth pẹ̀lú Barbara Mellers jókòó pọ̀, wọ́n tún un yẹ̀ wò, wọ́n sì gbé èsì jáde lọ́dún 2023. Wọ́n rí i pé fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn èèyàn, bí owó ṣe ń pọ̀ ni ara ń tù wọ́n sí i. Ṣùgbọ́n nínú èèyàn márùn-ún, ẹnì kan wà tí inú rẹ̀ bàjẹ́ jù. Owó ń gbé onítọ̀hún dé ibì kan, nǹkan bí 100,000 dọ́là, ìtura rẹ̀ á sì dúró síbẹ̀. Irú ìbànújẹ́ tó kù, bíi ti ẹni tó ṣọ̀fọ̀, bíi ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́, owó ò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Nígbà tí ọmọ náà ṣàlàyé rẹ̀ tán, mo ní kó tún un sọ. Èmi gan-an ni ẹnì kan nínú márùn-ún yẹn láti ọdún 2014. Ọdún tí mo tà jù lọ láyé mi ni ọdún 2015, ọdún náà ni mo sì ń sunkún nínú jíìpù lórí afárá kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù, tí màá nu ojú, tí màá tún àtíkè kùn.

Kí n má pẹ́ lórí bí owó náà ṣe lọ. Oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni ìjọba ti ibodè pa. Ẹrù mi wà ní Kútọnu, gbèsè dọ́là wà lọ́rùn mi. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2020, wọ́n sé Èkó mọ́lé nítorí kòrónà. Kò sí ayẹyẹ, kò sí aṣọ ẹbí. Oṣù kejìlá ọdún yẹn ni Sẹ̀mẹ̀ tó ṣí, jíìpù àti ilé kejì ti lọ nígbà náà. Òṣì ní í jẹ́ ta ní mọ̀ ọ́ rí, owó ní í jẹ́ mo bá ọ tan. Mo rí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lójúkojú. Fóònù tó máa ń dún ní ìgbà 60 lóòjọ́ dákẹ́.

Àwọn kan máa ń fẹ́ kí n sọ pé nígbà tí owó lọ ni ayọ̀ dé. Irọ́ ni màá pa. Nígbà tí náírà já lulẹ̀ lọ́dún 2023, owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi di ìlọ́po, mo ń gé ẹyọ kan sí méjì títí ọmọ mi fi mọ̀ tó bínú sí mi. Mo ṣì ń wá owó. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló kù fún mi, ọjọ́ mẹ́rin lọ́sẹ̀ ni mò ń lọ. Ohun tó yàtọ̀ ni pé agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mò ń ti ilẹ̀kùn, oníbàárà ìbáà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkọ mi ti fẹ̀yìn tì. Òun ló ń ro àmàlà nílé wa báyìí, èmi ń se gbẹ̀gìrì. Ọdún tí a ti fẹ́ra wa lé ní 30, ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó máa ń kọ orin kélékélé tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.

Nítorí náà, àbúrò mi, mi ò ní kí o má lọ. Fóònù méjì tí o tún ṣe lóòjọ́ lè má tó owó iléèwé ọmọ méjì, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó fún ọ̀rẹ́ rẹ lésì, pe ìyàwó rẹ jókòó lálẹ́ yìí, kí ẹ mú bírò. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi owó náà ṣe: ilẹ̀ ni, owó iléèwé ni, ṣọ́ọ̀bù tìẹ gan-an ni, èló ni gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ oṣù àti ọdún tí wàá padà sílé, kí ìyàwó rẹ tọ́jú ìwé náà, kó má wà lọ́wọ́ tìẹ, nítorí ọwọ́ tó ń rí owó máa ń pa irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rẹ́. Èmi ò kọ ọjọ́ kankan, mo kàn ń ní ọdún tó ń bọ̀ ni. Sì tún bá ọ̀rẹ́ rẹ sọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀yin méjì lẹ wà nínú òwò náà, ẹnì kan lè wà l'Ékòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnì kejì wà nílé, kí ẹ sì pààrọ̀. Tó bá kọ̀ pé ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni dandan, bi í léèrè ìdí rẹ̀, kí o fetí sí èsì rẹ̀ dáadáa.

Nǹkan kan kù. O dárúkọ ìyàwó, o dárúkọ àwọn ọmọ, o ò sọ nǹkan kan nípa ìyá rẹ. Tí wọ́n bá ṣì wà láyé, má fi owó rán ẹnikẹ́ni sí wọn lóṣù yìí. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ, kí o jẹun níbẹ̀, kí o sì sùn mọ́jú.