Òǹtẹ̀ mairie kò sọ ẹni tó ń ta ilé di onílé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa. Wọ́n fẹ́ ta ilé alájà kan tó ní ojúlé mẹ́fà fún mi ní Ouando, nílùú Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní mílíọ̀nù 30 sẹ́fà. Ojúlé kọ̀ọ̀kan ń mú 35.000 wọlé lóṣù. Convention de vente (ìwé àdéhùn ìtajà) tí mairie (ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀) lù lóǹtẹ̀ ní ọdún 2009 wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Níwọ̀n bí ìwé ti pé, ṣé kí n san ìdajì owó? Ọdún mélòó ni owó mi yóò sì fi padà?

Ìdáhùn: Ẹ jẹ́ kí n tètè kúrò lórí ìṣirò. Lóṣù, ojúlé mẹ́fà ń mú 210.000 wọlé, ìyẹn 2.520.000 lọ́dún, nítorí náà owó yín yóò padà ní nǹkan bí ọdún méjìlá, bí ojúlé kankan kò bá ṣófo rí, tí òrùlé kò jò, tí kòtò ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò kún, tí ìjọba kò sì béèrè owó orí ilé tí à ń pè ní TFU. Èmi kò tíì rí irú ilé bẹ́ẹ̀ rí ní Àjàṣẹ́.

Ohun tó ká mi lára ni “ìwé ti pé” tí ẹ kọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ni àwọn démarcheur (alágbàtà ilé àti ilẹ̀) fi ń gbọ́ bùkátà wọn. Nígbà tí mairie lu òǹtẹ̀ sórí ìwé yẹn, ohun tó jẹ́rìí sí ni pé ẹni méjì wá, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn tí wọ́n bá ara wọn ṣe. Kò lọ wádìí ẹni tó ni ilẹ̀. Bí mo bá ta ewúrẹ́ aládùúgbò mi fún yín, tí a sì lu ìwé rẹ̀ lóǹtẹ̀, ewúrẹ́ náà kò tíì di tèmi. Lábẹ́ òfin ilẹ̀ ti orílẹ̀-èdè Benin ti ọdún 2013, tí wọ́n tún ṣe ní 2017, titre foncier (ìwé ẹ̀rí onílẹ̀) tí ANDF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ń fúnni nìkan ni ẹ̀rí tó fìdí múlẹ̀ pé ènìyàn ni ilẹ̀. Attestation de détention coutumière (ìwé pé ilẹ̀ wà lọ́wọ́ ènìyàn nípa àṣà ìbílẹ̀) àti attestation de recasement (ìwé ilẹ̀ tí wọ́n pín fún ènìyàn lẹ́yìn tí wọ́n tún àdúgbò pín) wúlò, a sì lè gba ipasẹ̀ wọn dé ọ̀dọ̀ titre foncier, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ kò ju pé ó jọ pé lágbájá ló ni ín, títí ẹlòmíràn yóò fi mú ẹ̀rí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ wá.

Ẹni tó sì máa ń mú un wá kì í jìnnà. Bàbá ló kọ́ ilé, ó kú, ọmọ kan ń gba owó ilé, ó sì tà á láìsọ fún àwọn ọmọ ìyá kejì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, lotissement (títún ilẹ̀ àdúgbò pín àti lílà ọ̀nà) ti gba àdúgbò náà kọjá lẹ́yìn tí wọ́n kọ ìwé: ọ̀nà ti gé nínú ilẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ ti yí padà, ohun tó wà nínú ìwé kò sì bá ohun tó wà nílẹ̀ mu mọ́.

Nítorí náà, ẹ béèrè nọ́ńbà titre foncier. Bí ó bá wà, ẹ jẹ́ kí notaire (amòfin tó ń ṣe ìwé ìtajà) gba ìwé lọ́dọ̀ ANDF tí yóò fi hàn bóyá báńkì ti fi ilé náà ṣe ìdúró gbèsè. Bí kò bá sí, kí ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ gba titre foncier, kí gbogbo ajogún fọwọ́ sí ìtajà náà, kí géomètre (awọnlẹ̀) sì tún ilẹ̀ náà wọ̀n. N kò rí ìwé yín, nítorí náà ẹ má fi ìdáhùn yìí rọ́pò notaire tí yóò gbé e yẹ̀ wò. Ẹ tún jẹ́ kí wọ́n kọ iye owó ìdúró tí àwọn ayálégbé ti san sílẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ nínú owó tí ẹ fẹ́ fi ra ilé náà, torí pé ọ̀dọ̀ yín ni wọn yóò ti wá béèrè rẹ̀.

Ní ti ìdajì owó, ẹ má san kọ́bọ̀ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ notaire ni kí owó gbà kọjá. Bí wọ́n bá ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá san án lọ́la, ẹ ní kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ onítọ̀hún.