Kí ló lè máa dín àparò àti awó kù ní Gúúsù Kwara?

Ohun tó ṣeé ṣe kó fà á jù ni pé ilẹ̀ tí àwọn àgbẹ̀ ń fi sílẹ̀ kó sinmi, níbi tí àwọn ẹyẹ yìí ti ń yé, ń tán lọ. Igbó sísun, oògùn oko àti ọdẹ àṣejù ló tẹ̀ lé e.

Ilẹ̀ ni àparò àti awó ń yé sí, lábẹ́ koríko. Tí wọ́n bá finá sígbó lẹ́ẹ̀rùn ní apá Òmù-Àrán tàbí Ṣàárẹ́, ẹyin tó bá wà níbẹ̀ á jóná, ibi ìsápamọ́ á sì di eérú. Orí igi ni awó ń sùn, nítorí náà igi tí wọ́n ń gé fi ṣe èédú kàn án gan-an.

Ti oògùn oko ni àwọn èèyàn kì í sábà rántí, kò sì yẹ ká fojú fò ó. Kòkòrò ni ọmọ àparò ń jẹ jù ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́. Oògùn apakòkòrò ń pa oúnjẹ yẹn, oògùn apakoríko sì ń pa ewéko tí kòkòrò ń gbé. Ìyá lè wà láàyè kí ọmọ má dàgbà.

Àmọ́ oko fúnra rẹ̀ kọ́ ni ọ̀tá àparò. Àwọn àgbà kò ṣàdédé sọ pé àparò kan ò ga jùkan lọ, àfi èyí tó gun orí ebè: ibi tí oko àti pápá koríko bá jọ wà ló fẹ́ràn. Lágbàáyé, wọn kò tíì kà á mọ́ ẹyẹ tó fẹ́ pa rẹ́, nítorí náà àdúgbò kan lè ṣaláìní in kó ṣì pọ̀ ní òmíràn.